Ẹ má fi ríìmù ńlá pa Micra yín

Kò sí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tí kò mọ Micra, òun ni takisí wa. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń ra tòkunbọ̀ rẹ̀ fi lọ síbi iṣẹ́. Kò ní í pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á gbé e wá bá mi: “Bọ̀dá, ọkọ̀ yìí ò píìkì mọ́, tí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀, ìbàdí a máa ro mí.” Tí n bá wo abẹ́ rẹ̀, owó tí wọ́n ná sí i ló bà á jẹ́. Ó ti sú mi.

1. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fún táyà ní afẹ́fẹ́ 45 PSI torí pé ẹ̀ ń rìnrìn àjò, á le bí òkúta. Iye tó yẹ wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ ṣí i, ẹ kà á.

2. Rọ́bà tí wọ́n kì sáàárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga: ẹ yọ ọ́.

3. Ríìmù. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Micra 1.0 àtijọ́ yẹn, ìran tó jáde ní 1992, táyà 155/70 lórí ríìmù 13 ló bá a wá. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò fa ojú ọmọge mọ́ra. Mo mọ̀, torí owó tí ẹbí àtọ̀rẹ́ ná fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate ni mo kó o lọ. Mo ra ríìmù 15 tó ń dán yinrin àti táyà 195/50. Mo rò pé gbogbo Bẹẹrẹ ló ń wò mí. Wọ́n ń wò mí lóòótọ́: nígbà tí mo fi máa gun òkè Mápó, ọkọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ti padà sí jíà kìíní, ìyá kan tó ru igbá ẹ̀kọ sì yà mí sílẹ̀ lọ. Ó tún bojú wẹ̀yìn wò mí!

Ohun tó fà á nìyí. Táyà yẹn fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 ga ju ti tẹ́lẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé gbogbo jíà le sí i. Irin náà tún wúwo. Ẹ́ńjìnnì kékeré, ẹ wá so ẹrù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀! Ìka tó ń ka eré lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an ń purọ́: tó bá ní 60, ẹ ti ń lọ sí 63. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó yẹ kó tẹ̀ nínú kòtò ti kúrú, ríìmù àti ìbàdí yín ló wá ń gba ìyà náà. Tí mo bá yíwọ́ tán, táyà a máa ha inú fẹ́ńdà, kírí-kírí. Kó tó pé oṣù méjì, ríìmù kan ti tẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ló rà á padà, kò sì fún mi tó ìdajì.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni? Ríìmù ti gbé òǹkà lọ. Sọ́ọ̀kì: méjì méjì là ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àtòsì. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé kí ẹ tó sanwó. Tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí tí ọ́ìlì ti yọ lára rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ yọ tamọsítátì, ohun tó ń ṣàkóso ìgbóná ẹ́ńjìnnì, torí pé “ilẹ̀ wa ti gbóná tẹ́lẹ̀”, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. (Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ́ èmi náà, mo sì yọ ti oníbàárà púpọ̀ dànù kó tó yé mi.) Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ, epo ló máa ń mu.

Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú epo kí ọkọ̀ lè sáré? Ẹ fi owó yẹn ra púlọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè ní jíà kẹrin, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ẹ ní ẹ̀ ń ṣọ́ epo ná. Ẹ padà sí kẹta, kódà sí kejì. Ẹ jẹ́ kó ké díẹ̀, ibi tó ti ń ké lagbára rẹ̀ wà. Kí ẹ sì pa AC títí ẹ ó fi dókè.

Ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá láàárọ̀ yìí, ríìmù 16. Mo ní kó lọ gbé 13 rẹ̀ wá. Ó ní òun ti tà á.