Bí a ṣe ń gbin oríṣiríṣi òdòdó oòrùn sí àyíká ilé ní Abẹ́òkúta

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin òdòdó oòrùn ní Abẹ́òkúta ní láti kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, pàápàá ní agbègbè Olúmọ, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò òdòdó yìí máa ń wọlẹ̀ jìn. Níbi tí ọkọ́ bá ti ń kan òkúta, oríṣi tí wọ́n ń pè ní Teddy Bear ni kí ẹ gbìn: kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, òdòdó rẹ̀ kún dáadáa, ó sì lè gbé inú ìkòkò. Ilẹ̀ tí ó rọ̀ ni ó yẹ Mammoth, tí ó lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ, tí hóró rẹ̀ sì ṣeé jẹ. Autumn Beauty máa ń pẹ̀ka ní tirẹ̀.

Ìparí oṣù Kẹjọ ni mo fara mọ́ jù fún gbígbìn, kí òjò àrọ̀kúrò lè tọ́ ọ dàgbà, kí orí rẹ̀ sì gbó nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Ẹ ri hóró náà bọlẹ̀ ní íǹṣì 1, níbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6, ó kéré tán. Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ sí i jù, kí ó má baà máa yọ ewé láìtanná.

Bí ẹ̀yìn orí òdòdó náà bá ti ń di àwọ̀ ìyeyè, ẹ fi àwọ̀n bò ó, nítorí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà lè ṣa hóró rẹ̀ jẹ tán. Nígbà tí ó bá dúdú rúsúrúsú, ẹ gé e tigi-tigi, kí ẹ sì so ó kọ́ dorí kodò síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, títí hóró rẹ̀ yóò fi máa bọ́ bí ẹ bá fọwọ́ rà á.