Kí Ẹ Tó Fi Ẹni Yín Sílẹ̀ ní Ilé Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti gbogbo onílé

Ọjọ́ tí ìdílé bá mú aláàárẹ̀ wọn dé ilé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, ó ti rẹ gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ òru mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò ti fojú kan oorun. Wọ́n ti ta kòkó tí kò tíì gbẹ dáadáa, wọ́n ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó ọkọ̀ sì ti lọ. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọ̀gá ilé náà bá ti jáde pẹ̀lú aṣọ funfun, tó ní "Ẹ fi í sílẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀," wọ́n á kówó lé e lọ́wọ́, wọ́n á wọkọ̀ padà sóko. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí. Ẹ kà á nísinsìnyí tí ilé ṣì tòrò.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá bàbá kan ní abúlé wa lọ wo àbúrò rẹ̀ ní ilé kan báyìí. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ní kó máa wá. Ọjọ́rú la lọ, torí pé a wá ra irúgbìn àgbàdo nígboro. Wọ́n ní ká jókòó. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó mú ọkùnrin náà jáde: wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ tó mọ́, àtíkè wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹsẹ̀ ni èmi ń wò. Lókè ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, awọ ara ti dúdú, ó ti le yípo, bí ọrùn ewúrẹ́ tó ti pẹ́ lórí èèkàn. Egbò tútù wà lára ti òsì, wọ́n bu eérú lé e. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn di etí bùbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó bọ́.

Ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ má ti ibi ọ̀dà géètì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀, ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn. Ẹ wo ṣòkòtò rẹ̀: ṣé okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ìbàdí tó ti gbẹ? Ẹ wo ètè rẹ̀ bóyá òǹgbẹ ti jẹ́ kó là. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ wọn kò sí nítòsí, kí ẹ bi í ní ohun tó jẹ láàárọ̀, ibi tó sùn, àti ẹni tó ń bẹ̀rù nínú ilé náà. Bí wọn kò bá gbà kí ẹ̀yin nìkan bá ẹni yín sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá yín lóhùn nìyẹn. Àwọn kan á ní kí ẹ má gbọ́ tirẹ̀, pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dà rú ṣì mọ̀ bí wọ́n bá na òun. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ lọ́, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ fojú rí.

Oògùn náà máa ń hàn lára. Bí wọ́n bá ń fún un ní haloperidol tàbí Largactil, tí méjèèjì jẹ́ oògùn àrùn ọpọlọ, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ọrùn lè le, itọ́ lè máa dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè máa rìn bí ẹni tí wọ́n de pákó mọ́ lẹ́yìn. Ẹ má pè é ní májèlé. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Dókítà lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó lè fi oògùn míì tì í lẹ́yìn kí ara lè rọ̀. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni kí ẹ wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ bá gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà, tí wọ́n sùn fọnfọn. Níbẹ̀, oògùn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n.

Ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọn kò retí yín

Ìgbà oúnjẹ ló dára jù, tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ibi tí ẹni yín ń sùn, kí ẹ dé ibẹ̀ ní ti gidi. Ẹ ka iye ẹní tó wà nílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣeé ṣí láti inú, torí iná lè sọ lóru. Ẹ wo ilé ìdáná àti ṣáláńgá. Ẹ bèèrè omi mímu, kí ẹ sì kíyè sí i bóyá àwọn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ lè dìde fúnra wọn lọ bu omi, àbí wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ fi síbẹ̀, ẹ bèèrè láìtijú: ta ló ń sùn sí apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn máa ń wà lóru? Bí wọ́n bá dárúkọ ọkùnrin, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.

Iṣẹ́ oko

Àwa àgbẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ń mú ara yá, òótọ́ sì ni. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ti àwọn aláàárẹ̀ mọ́lé. Aláàárẹ̀ á mú ìbátan kan dání, wọ́n á gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, aláàárẹ̀ á lọ gba ìtọ́jú, á sì padà sábúlé, sídìí oko àti sídìí oúnjẹ tí èèyàn rẹ̀ sè. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Mi ò tíì rí ètò tó bá wa lára mu tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà lónìí tí wọ́n ń kó aláàárẹ̀ lọ ro oko ọ̀gá, tí wọ́n sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ẹ̀yin lẹ lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ju dókítà lọ. Ta ló ni irè náà? Ṣé ó lè sọ pé ara òun ò gbé e lónìí, kí wọ́n má sì fi oúnjẹ dù ú? Ṣé wọ́n ń fún un lówó, àbí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín pé ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn?

Àdúrà, àgbo àti oògùn

A kò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Bí àdúrà bá fi ẹni yín lọ́kàn balẹ̀, kí wọ́n máa gbà á. Ààwẹ̀ tipátipá, pàṣán àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni a kò gbà. Ebi kì í lé àìsàn ọpọlọ jáde, ńṣe ló ń pa èèyàn.

Ẹ bèèrè orúkọ oògùn àti ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ ń wá, ọjọ́ wo ló sì wá kẹ́yìn. Kí wọ́n fi fáìlì rẹ̀ hàn yín. Bí ó bá jẹ́ gìrì ló ń mú un, tó ń ṣubú, ó lè jẹ́ wárápá. Wárápá ní oògùn tirẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n tì í mọ́lé rárá. Ibà, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń mú ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá: ẹ bèèrè ibi tí wọ́n máa ń gbé e lọ.

Ìbéèrè tó ju gbogbo rẹ̀ lọ

Ọjọ́ wo ló máa wálé? Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ilé tó dára á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí lára rẹ̀ kó tó lè lọ, á sọ ìgbà tí wọ́n á tún un yẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fún un ní oògùn nílé. Ilé tó bá ní "ó dọwọ́ Ọlọ́run," tó sì ń gbowó lóṣooṣù, kò ní in lọ́kàn pé kó lọ. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan ti ń di mẹ́wàá.

Ẹ má rò pé àwọn ilé burúkú ṣọ̀wọ́n. Láàárín 2018 àti 2019, àjọ Human Rights Watch, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn káàkiri ayé, lọ wo ibi ìtọ́jú ọpọlọ 28 ní ìpínlẹ̀ 8 àti Àbújá. Wọ́n bá èèyàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ti ìjọba, ní ti oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti ní ti Mùsùlùmí. Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 200 jáde láti inú ilé kan ṣoṣo ní Ìbàdàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 2012 tí wọ́n pè ní QualityRights. Tí a bá tú u palẹ̀, ohun márùn-ún ló ń wò: ibùgbé àti oúnjẹ tó yẹ èèyàn, ìtọ́jú gidi fún ara àti ọpọlọ, pé kí ẹnu aláàárẹ̀ tó lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ ẹ́, àti pé kó lè padà sí àárín ìlú. Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin àwọn wèrè. Aláàárẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ní.

Bí ohun tí ẹ rí kò bá dára

Ẹ má pariwo níbẹ̀, torí ẹni yín ni wọ́n á gbẹ̀san lára rẹ̀ bí ẹ bá lọ. Ẹ ya àwòrán egbò náà, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá lè mú un kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ mú un. Ẹ gba orúkọ oògùn rẹ̀, torí pé ṣíṣíwọ́ oògùn lójijì lè dá àìsàn náà padà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba: Árò ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ní gbèsè kò jẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ayé ìwọ̀fà ti kọjá. Bí ẹ bá rí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, kódà bí kì í ṣe ẹni yín, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn létí.

Bí ilé náà bá sì dára tí ẹ fi í síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe fún ọ̀gá nìkan. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà wá fún un. Bí kò bá mọ ọjọ́ mọ́, ẹ fi ọjọ́ ọjà ìlú yín kà á fún un: ọjà kan, ọjà méjì, ọjà kẹta la ó dé. Kí ọjà kẹta bá yín lẹ́nu géètì náà.