Ẹ má jẹ́ kí ohùn ẹ̀gbọ́n yín sọnù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù olóògbé. WhatsApp sábà máa ń pa àkáǹtì rẹ́ bí 120 ọjọ́ bá kọjá láìlò ó. Ẹ tètè kó ohùn tó fi ránṣẹ́ sí yín sí Google Drive; fọ́tò ṣì lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ohùn ṣọ̀wọ́n.

Tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lọ bá àwọn regbẹ́regbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀. Fọ́tò ọdún Ojúde Ọba, níbi tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ọwọ́ wọn ló máa ń wà (ìyàwó gan-an lè má rí i rí).

Oríkì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní kí ìyá àgbà kì í sínú fóònù. Ṣùgbọ́n kí ogójì ọjọ́ kọjá ná.