Bí ẹ ṣe lè bá ọmọ yín kọ ìtàn onísáyẹ́ǹsì nípa ọmọ tí kónílé-ó-gbélé há mọ́ yàrá

Gbogbo wa la ṣì rántí 30 March 2020, aago mọ́kànlá alẹ́, tí ìjọba ní kí Èkó, Ògùn àti Abuja wọlé nítorí àrùn kòrónà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, àmọ́ ó di 4 May kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wa sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tó há sílé nígbà yẹn ní ìtàn nínú gan-an o. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ̀kan, bá a ṣe ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ ya ilé. Kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú o, ilé ni. Ẹ jẹ́ kọ́mọ fi bírò ya yàrá náà: ibi tí wíńdò wà, ibi tí kẹ́ẹ̀gì omi wà, ibi tí màmá àgbà ń gbé rédíò sí. Tiwa jẹ́ face-me-I-face-you ní Mushin, yàrá kan, Àdùkẹ́ ọmọ ọdún 12 àti màmá àgbà ẹ̀ ló ń gbébẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí Àdùkẹ́ sá jáde lójú ewé kejì, mo ní rárá, torí tó bá ti jáde ìtàn ti bàjẹ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn títì yẹn gan-an ni ò ní jẹ́ kọ́kàn ẹni tó ń kà á balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú irọ́ kan, ẹyọ kan péré, kí gbogbo nǹkan tó kù jẹ́ òótọ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ibùdó kan wà lójú sánmà, ISS lorúkọ ẹ̀, ó fi nǹkan bí 400 kìlómítà ga jù wá lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ló fi ń yí ayé po, ó sì máa ń gba orí Èkó kọjá. Tóòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tójú ọ̀run sì mọ́, ẹ lè fojú lásán rí i bí ìràwọ̀ tó ń rìn tí ò ṣẹ́jú. Àwọn tó ń gbénú ẹ̀ máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní 145.8 megahertz. Rédíò màmá àgbà, tí wọ́n fi rọ́bà dè, FM ẹ̀ ò kọjá 108. Irọ́ tiwa ni pé ó débẹ̀, tí àwọn tó wà lókè yẹn sì ń gbọ́ ohùn Àdùkẹ́.

Ó yá, kí òótọ́ wá máa dá wàhálà sílẹ̀. Ohùn náà ò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ISS tó wọ̀, ó di ẹ̀yìn wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún yọ. Bátìrì ńkọ́? Ìyá tó ń tà á ti tilẹ̀kùn. Àdùkẹ́ yọ bátìrì méjèèjì, ó sá wọn sóòrùn lójú wíńdò, ó dá wọn padà, rédíò kùn ṣááá, obìnrin kan ní, “Afẹ́fẹ́ wa ń jò, a ò mọ ibi tó ti ń jò.”

Ìyẹn gan-an ṣẹlẹ̀ o! Afẹ́fẹ́ ń jò nínú ISS lóòótọ́, wọ́n wá ihò náà títí, àfi ní October 2020 tí wọ́n tú ewé tíì sínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń wo ibi tó ń fẹ́ lọ. Nínú ìtàn tiwa, Àdùkẹ́ ló ronú kàn án, torí ó ti rí màmá àgbà tó ń fi omi ọṣẹ pa ọrùn sílíńdà gáàsì kó lè rí ibi tó ti ń jò. Ọṣẹ ò sí lọ́wọ́ obìnrin yẹn, àmọ́ tíì wà. Kí ọmọ yín náà wá ọgbọ́n akọni ẹ̀ sínú ilé ìdáná, ẹ má fún un ní ìbọn.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè lálẹ́, kẹ́ ẹ sì pa ibi tọ́mọ bá ti ń yán rẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú ìparí wá: bátìrì kú bí obìnrin náà ṣe ń sọ orúkọ ẹ̀ fún Àdùkẹ́, ìdajì orúkọ náà nìkan ló gbọ́.