Bí A Ṣe Ń Tọpa Rìsẹ́pítọ̀ Tó Wọnú Sẹ́ẹ̀lì Tó sì Padà Síta

Rìsẹ́pítọ̀ transferrin, ìyẹn purotéènì tó ń gbá transferrin mú lójú awọ sẹ́ẹ̀lì, kì í jókòó sójú kan. Ó dà bíi mícrà tó ń ná Bódìjà sí Dùgbẹ̀. Transferrin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé irin, ni èrò, irin ni ẹrù tó gbé dání. Nínú endosome, àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ohun tó bá wọlé, níbi tí pH (ìwọ̀n ásíìdì) ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 6 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ẹrù nìkan ló ń bọ́ sílẹ̀. Èrò kò ní í sọ̀. Á bá ọkọ̀ padà síta, ìgbà tó bá kan pH 7.4 ló tó fi rìsẹ́pítọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ da sẹ́ẹ̀lì HeLa (sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú láàbù) bíi 50,000 sí ihò kọ̀ọ̀kan nínú àwo oníhò 24, lórí gíláàsì roboto fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da oúnjẹ wọn nù, kí ẹ fi DMEM (oúnjẹ olómi fún sẹ́ẹ̀lì) tí kò ní serum, ìyẹn omi ara ẹ̀jẹ̀, rọ́pò rẹ̀, tó ní BSA (purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù) 0.5% àti HEPES 20 mM. Ẹ fi wọ́n sí 37 dígírí fún wákàtí kan, kí transferrin tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ lè kúrò. Ẹ má fo HEPES. Bí iná bá lọ, tí CO2 inú incubator (àpótí tó ń mú sẹ́ẹ̀lì gbóná) sì dínkù, òun ni yóò di pH mú títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbé e.

Lẹ́yìn náà ó kan òtútù. Omi dídì tí ẹ kàn fọ́ sínú abọ́ kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀, ìdí àwo kò sì fara kan òtútù. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ bu omi tútù sí i, ẹ gbé páànù pẹlẹbẹ lé e, kí àwo jókòó lórí páànù yẹn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbóná ju 10 dígírí lọ, wíwọlé ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi transferrin tó ní Alexa Fluor 488 (àwọ̀ tó ń tàn), 25 µg/mL, sí wọn fún 30 ìṣẹ́jú lórí òtútù, kí ẹ fi PBS (omi oníyọ̀) tútù ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má gbé àwo láti orí òtútù lọ sínú incubator bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í tètè mú un gbóná. Ohun tí ẹ bá pè ní ìṣẹ́jú méjì kò ní í jẹ́ ìṣẹ́jú méjì rárá. DMEM tó ti gbóná dé 37 dígírí ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ sì gbé àwo léfòó lórí omi gbígbóná. Ẹ mú wọn padà sórí òtútù ní ìṣẹ́jú 2, 5, 10 àti 20.

Ẹ wá bọ́ èyí tó kù lójú awọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ń fi ásíìdì nìkan ṣe é, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé etí sẹ́ẹ̀lì ṣì ń tàn. Ásíìdì gba irin lọ́wọ́ transferrin ni. Transferrin òfìfo náà ṣì lẹ̀ mọ́ rìsẹ́pítọ̀ gbọin-gbọin. Ẹ fi MES (ohun tó ń di pH mú) 25 mM, NaCl 150 mM àti deferoxamine (oògùn tó ń gba irin mú) 50 µM, pH 5.0, ṣàn án fún ìṣẹ́jú 2, kí PBS pH 7.4 tó ní deferoxamine tẹ̀lé e fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ ní tútù. Ihò kan tí kò kúrò lórí òtútù rárá, tí ẹ sì bọ́, gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Bí òrùka ìmọ́lẹ̀ bá ṣì yí sẹ́ẹ̀lì ká níbẹ̀, ẹ má ka ìyókù.

Fún ìpadàsíta, ẹ fún wọn ní transferrin aláwọ̀ ní 37 dígírí fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ bọ́ ojú awọ bíi ti òkè yìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da DMEM gbígbóná tó ní transferrin tó gbé irin, tí kò láwọ̀, 1 mg/mL, sí i. Láìsí ìyẹn, èyí tó jáde lè tún padà wọlé. Ẹ fi paraformaldehyde 4% mú wọn dúró ní ìṣẹ́jú 0, 5, 10, 20 àti 40, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ maikirosikóòpù, ní ìṣẹ́jú 5 ti wíwọlé, ẹ ó rí àmì tóótòòtó nítòsí etí sẹ́ẹ̀lì. Tó bá yá, wọ́n á kó jọ lẹ́bàá núkílíọ́ọ̀sì. Nígbà ìpadàsíta, òkìtì yẹn á máa rọlẹ̀. Ẹ má fi FITC, àwọ̀ mìíràn tó ń tàn, rọ́pò Alexa bí ẹ bá ń wo sẹ́ẹ̀lì láàyè: ásíìdì endosome ń pa ìmọ́lẹ̀ FITC, ẹ ó sì rò pé ó ti jáde.

Ihò méjì mìíràn ṣe dandan. Ọ̀kan, ẹ fi transferrin tí kò láwọ̀ 2.5 mg/mL pọ̀ mọ́ aláwọ̀. Bó bá ṣì tàn, ó kàn lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ni. Èkejì, ẹ fi sucrose 0.45 M, ìyẹn gíráàmù 15.4 nínú 100 mL DMEM, dí ọ̀nà clathrin, purotéènì tó ń bá awọ sẹ́ẹ̀lì di àpò tí rìsẹ́pítọ̀ ń bá wọlé. Wíwọlé gbọ́dọ̀ dínkù gan-an.

Ẹ má gbé ìlànà yìí lé rìsẹ́pítọ̀ EGF (purotéènì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà) lórí bó ṣe wà. EGF tó bá pọ̀ máa ń bá rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀ lọ sí lysosome, àpò inú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹ wọ́n run, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó dínkù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ohunkóhun padà síta.