Ẹ Má Dá A Dúró Nítorí Wọ́tàmẹ́lọ̀n: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Wo Buckaroo Banzai

Fíìmù kan wà tó jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ ọdún 1984, tí wọ́n pè ní The Adventures of Buckaroo Banzai Across the 8th Dimension. W. D. Richter ló darí rẹ̀, Earl Mac Rauch ló kọ ọ́. Kò pa owó. Síbẹ̀ ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣì ń wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí ara wọn. Bí ẹnì kan bá wò ó tó ní kò dùn, mo sábà máa ń bi í pé báwo ló ṣe wò ó.

Àṣìṣe tó tóbi jù ni kéèyàn máa wá ìdí gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Buckaroo, tí Peter Weller ṣe, ń ṣiṣẹ́ abẹ lórí ọpọlọ aláìsàn. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti wà ní aṣálẹ̀, ó ń wa mọ́tò tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì mọ́, ó sì gba inú òkè kọjá láì fọ́ òkúta kan. Kò pẹ́, ó ti gbé gìtá kọ́rùn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Hong Kong Cavaliers, ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé kankan. Gbogbo èèyàn inú fíìmù ló ti mọ̀ ọ́n; ẹ̀yin nìkan ni àlejò.

Ó dà bí ìgbà téèyàn bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìpàdé ẹbí, tó sì bá wọn lẹ́nu ìjà. Bọ̀dá Jámánì ń pariwo mọ́ Ìyá Oníkòkó nítorí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ òkú Bàbá Àgbà. Ẹ ò mọ Bọ̀dá Jámánì rí, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ó dé Jámánì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, tẹ́ ẹ ń jẹ ẹran yín, ilẹ̀ kò ní ṣú kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó jẹ ẹlòmíràn lówó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fíìmù yìí, adùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ibi wọ́tàmẹ́lọ̀n ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Buckaroo ń wá ọ̀tá tó wọ ilé wọn. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, New Jersey (Jeff Goldblum ni, ó múra bíi kábọ́ọ̀ì látòkè délẹ̀) rí wọ́tàmẹ́lọ̀n kan tí wọ́n há sínú ẹ̀rọ. Ó bèèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Reno, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà, ní òun á sọ fún un tó bá yá. Wọ́n bá tiwọn lọ. Fíìmù parí, Reno ò sọ. Mo mọ ẹnì kan tó dá fíìmù dúró níbẹ̀, tó lọ ń wá ìdáhùn lórí fóònù. Nígbà tó fi máa padà, kò rántí ẹni tí wọ́n ń wá mọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ kí àbúrò mi fẹ́ràn fíìmù náà, ni mo bá sọ ara mi di tíṣà. "Red Lectroid ni àwọn yẹn, ará ayé òmíràn ni wọ́n, Planet 10 ni wọ́n ti wá. Ṣó o rántí eré rédíò tí Orson Welles ṣe ní 1938, tó ní àwọn ará Mars ti balẹ̀ sí Grover's Mill? Fíìmù yìí ní òótọ́ ni wọ́n balẹ̀, àwọn Lectroid ló yí Welles lọ́kàn padà kó lè sọ pé eré ni..." Ó gbọ́ títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni?" Láìpẹ́ ó ti ń hanrun. Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, ẹni tó bá fúnra rẹ̀ já a máa ń fò dìde lórí àga ni. Mo ti jẹ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Àwọn mìíràn gbọ́ pé ó pani lẹ́rìn-ín, wọ́n bá mú un bí yẹ̀yẹ́. Àwọn òṣèré ò mú un bẹ́ẹ̀ o. Ní kílọ́ọ̀bù, Buckaroo dá orin dúró torí pé ó gbọ́ ẹnì kan tó ń sunkún nínú òkùnkùn. Àwọn èèyàn fẹ́ fi obìnrin náà ṣẹ̀sín. Ó ní kí wọ́n má ṣìkà, torí ibi yòówù kéèyàn lọ, ibẹ̀ náà ló wà. Gbólóhùn yẹn ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà fi ń kí ara wọn dòní, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé àwàdà lásán ni.

John Lithgow nìkan ni wọ́n tú sílẹ̀ pátápátá. Òun ni Dókítà Emilio Lizardo, tí orí rẹ̀ há sínú ògiri ní 1938, tí Lord John Whorfin, olórí àwọn Red Lectroid, sì wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo Lectroid ló ń jẹ́ John. Ọ̀kan nínú wọn, tí Christopher Lloyd ṣe, ń jẹ́ John Bigbooté. Whorfin kì í pe àmì orí é tó gbẹ̀yìn, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ á wá di "ìdí ńlá" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà á fi ìbínú tún un ṣe: "Té! Té!" Àwa tí èdè wa lámì ohùn mọ ìyà yìí. Ẹ bi Adé tí tíṣà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń pè ní "Éèdì".

Ní ti àwọn Black Lectroid, ẹ̀yà kejì tó jẹ́ ọ̀tá àwọn Red, ojú èèyàn ń rí wọn bíi Rásítà ará Jàmáíkà, ohùn wọn náà sì jọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló yẹ kí n rín síyẹn tàbí kí n fajú ro, ṣùgbọ́n mo gba ti Carl Lumbly tó ṣe John Parker. Ọmọ àwọn ará Jàmáíkà lòun fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi owó díwọ̀n rẹ̀. Mílíọ̀nù dọ́là 6 àti díẹ̀ ló pa ní sinimá, kò tó owó tí wọ́n fi ṣe é. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ni Ghostbusters àti Gremlins wà níta. Fídíò àti tẹlifíṣàn alásansílẹ̀ ló wá tún un gbé dìde. Ẹ má sì wò ó ní gégèé-gégèé lórí fóònù. Kò ní yé yín, kò sì ní dùn.

Tí orúkọ bá wá ń gòkè níparí, ẹ má pa á. Buckaroo nìkan ló kọ́kọ́ ń rìn nínú ojú àgbàrá oníkọnkéré kan ní Los Angeles, àwọn èèyàn rẹ̀ á máa yọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ìlù. Wes Anderson tó ń darí fíìmù fẹ́ràn ìrìn yẹn débi tó fi ṣe irú rẹ̀ síparí The Life Aquatic ní 2004, Goldblum sì wà nínú méjèèjì. Níparí fíìmù Buckaroo yìí náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ká máa retí Buckaroo Banzai Against the World Crime League. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo fíìmù àgbéléwò tipẹ́ mọ ọ̀rọ̀ "ẹ máa retí apá kejì" dáadáa. Wọn ò ṣe apá kejì náà. Ìwé ló dé, ní 2021, Rauch fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì nípọn. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.