Bí A Ṣe Ń Yẹ Òṣìṣẹ́ Wò fún Oògùn Olóró

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ akẹ́rù ní Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Bìní ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mọ ohun tí awakọ̀ tó fi tramadol lé oorun lọ lè fi ojú ẹni rí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó ra ike àyẹ̀wò kankan, kí ó kọ́kọ́ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀: ta ni wọn yóò yẹ̀ wò, nígbà wo, kí ni yóò sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kí ó kà á fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lédè tí wọ́n gbọ́, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i. Bí wọn yóò bá máa mú ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ kèké, kí orúkọ àwọn ọmọ ìyá ọ̀gá sì wà nínú rẹ̀.

Ìtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ ti ẹ̀rọ omi pa, ẹ sì po aró mọ́ omi ilé ìtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bomi la tirẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú 4, ẹ wo bí ó ti gbóná tó lára ife náà. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í sábà kúrò láàrin 32 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ pín in sí ìgò méjì lójú onítọ̀hún, ẹ lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i.

Kíka àbájáde ike tí a fi yẹ ìtọ̀ náà wò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lórí ike àyẹ̀wò oyún, ìlà méjì ni pé oyún wà. Lórí ti oògùn olóró, ìlà méjì ni pé kò sí nǹkan kan, bí ìlà kejì tilẹ̀ ṣe bàìbàì. Ìlà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà C ló ń mú kí a fura sí oògùn, bí ìlà C kò bá sì jáde rárá, ike náà ti bàjẹ́. Mo ti rí ọ̀gá kan tó lé ọmọ iṣẹ́ lọ sílé nítorí ìlà méjì! Ẹ rántí pẹ̀lú pé ike tó ń mú kódíìnì kì í mú tramadol, tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ẹ ó rà. Igbó ńkọ́? Ó lè wà lára ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà àbájáde kò fi hàn pé ojú rẹ̀ ń ṣú lọ́wọ́lọ́wọ́. (Ti páragà kò sí nínú èyí, èémí ni a fi ń mú ọtí.)

Ike yìí kì í ṣe adájọ́. Ẹ pe òṣìṣẹ́ náà sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í bóyá dókítà ló kọ oògùn ìrora fún un, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ẹ sì fi ìgò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń ya èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ tó sì ń wọ̀n ọ́n. Títí ìdáhùn yóò fi dé, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn wà lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023, nítorí náà kò gbọdọ̀ dé etí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú wọn. Ìgò kejì yóò wà nínú fíríísà títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí, ẹnì kan ṣoṣo ni kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.